Àṣẹ Nínú Àṣẹ: Ọ̀nà Tuntun fún Àwọn Tí Ń Lo Sẹ́ẹ̀lì

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan lè lẹ́gùn-ún ju òmíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó ń lo sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni ètò tí ń gba àṣẹ wa lórí kọ̀ǹpútà Unix.

Sẹ́ẹ̀lì lè kọ́kọ́ mú àṣẹ kan ṣẹ, kí ó sì fi èsì rẹ̀ rọ́pò àṣẹ náà níbi tí a kọ ọ́ sí. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí Stephen Bourne ṣe ní Bell Labs, tó jáde pẹ̀lú ẹ̀dà keje Unix ní ọdún 1979, báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́:

odun=`date +%Y`

Àmì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ó jọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ wa gan-an. Àléébù rẹ̀ ni pé òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun náà ló ń tì í. Bí àṣẹ bá wà nínú àṣẹ, a ní láti fi ìlà tó fì sẹ́yìn ṣíwájú àwọn àmì ti inú:

ibo=`basename \`pwd\``

KornShell, tí David Korn ṣe ní Bell Labs kan náà, mú ọ̀nà tuntun wá. Ìlànà POSIX ti ọdún 1992 sì gbà á wọlé:

ibo=$(basename "$(pwd)")

Àkámọ́ tó ṣí yàtọ̀ sí èyí tó padé, ojú lásán sì rí i.

Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gbogbo àmì àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àmì àtijọ́, sẹ́ẹ̀lì a máa yọ ìlà tó ṣíwájú àmì dọ́là kúrò kí ó tó mú àṣẹ ṣẹ. Nínú àkámọ́, kì í yọ ọ́. Nítorí náà `echo \$HOME` yóò fún wa ní ọ̀nà ilé wa lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n $(echo \$HOME) yóò fún wa ní ọ̀rọ̀ náà, $HOME, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́. Bí èsì bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ orúkọ fáìlì tí a fẹ́ kí àṣẹ rm pa rẹ́, ẹ ro ewu tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àmì àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìkánjú. Ẹ fi àkámọ́ kọ iṣẹ́ tuntun. Ti àtijọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dán an wò lórí ẹ̀dà fáìlì yín. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.