Trinity College àti Èdè Írẹ́lándì: Ipa tí Àwọn Ọ̀mọ̀wé Kó

Bí a bá ń dárúkọ àwọn ènìyàn pàtàkì tí wọ́n jáde láti Trinity College, yunifásítì àtijọ́ tí ó wà ní ìlú Dublin ní ilẹ̀ Írẹ́lándì, àwọn tí a máa ń kọ́kọ́ rántí ni òǹkọ̀wé Jonathan Swift, onímọ̀ ọgbọ́n-orí George Berkeley, Ernest Walton tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1951, àti Samuel Beckett tí ó gba ti lítíréṣọ̀ ní 1969. Beckett yìí kọ́ èdè Faransé ní Trinity, èdè Faransé náà ni ó sì fi kọ́kọ́ kọ eré rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ, En attendant Godot. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí òkìkí rẹ̀ ti inú èdè Írẹ́lándì wá, bẹ́ẹ̀ èdè àbáláyé ilẹ̀ náà ni. Ìbéèrè tí ó kan àwa tí ń ṣiṣẹ́ lórí èdè ni èyí: kí ni èdè yìí rí gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì náà?

Ní 1592 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní fi àṣẹ dá Trinity sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn àlùfáà ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sìn Àgùdà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìlú, èdè Írẹ́lándì ni wọ́n sì ń sọ. Nítorí náà, iṣẹ́ ìwàásù ni ó kọ́kọ́ sún àwọn ọ̀mọ̀wé náà dé ìdí èdè yìí. Uilliam Ó Domhnaill, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, ni ó ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Májẹ̀mú Titun, èyí tí ó jáde ní nǹkan bí ọdún 1603. William Bedell, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Trinity láti 1627 títí di 1629, kọ́ èdè náà fúnra rẹ̀, ó sì darí ìtumọ̀ Májẹ̀mú Láéláé; ṣùgbọ́n ó ti kú ní 1642 kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1685. Iṣẹ́ ribiribi ni. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ń sọ èdè náà kò mọ̀ ọ́n kà, ẹ̀sìn tí ìwé náà bá dé kì í sì í ṣe tiwọn. Ìwé ti wà, òǹkàwé kò tíì sí.

Ní nǹkan bí ọdún 1840, Trinity ní ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Írẹ́lándì. Ní àkókò kan náà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti 1831 ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1845 pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ó sì lé ọ̀pọ̀ mìíràn lọ sí òkè òkun. Ìkànìyàn 1851 fi hàn pé àwọn tí ń sọ èdè náà lé ní 1,500,000. Ní 1891, wọn kò ju nǹkan bí 680,000 lọ. A rí i báyìí pé èdè lè ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, kí ó sì máa kú lọ ní ilé.

Inú ipò yìí ni Douglas Hyde bá èdè náà. Ọmọ àlùfáà Pùròtẹ́sítáǹtì ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ ní ilé wọn ní agbègbè Roscommon. Kí ó tó wọ Trinity ní 1880, ó ti kọ́ èdè Írẹ́lándì lẹ́nu àwọn ará abúlé, pàápàá ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ ẹran ìgbẹ́. Nítorí pé kò tíì mọ bí a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, bí ó ṣe gbọ́ ọ ni ó ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ní 1893, òun àti Eoin MacNeill pẹ̀lú àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Conradh na Gaeilge sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ṣí kíláàsì alẹ́ fún àwọn àgbà, ó tẹ ìwé kékeré àti ìwé ìròyìn, ó sì rán àwọn olùkọ́ láti ìlú dé ìlú.

Ní 1899, nígbà tí ìgbìmọ̀ kan ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ girama, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì láti Trinity, John Mahaffy àti Robert Atkinson, jẹ́rìí tako kíkọ́ èdè náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí i pé Atkinson yìí kan náà ti ṣe àtúntẹ̀ ìwé àtijọ́ tí a fi èdè Írẹ́lándì kọ. Ohun àtijọ́ níyì lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn alààyè kò níyì. Hyde dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rí tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ èdè ní Yúróòpù, títí kan Georges Dottin ti Rennes ní ilẹ̀ Faransé. Èdè náà kò kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́. Ní 1938, Hyde di ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Írẹ́lándì.

Ẹnì kan ṣì kù tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Máirtín Ó Cadhain kò jáde láti Trinity. Ọmọ Conamara ni, níbi tí èdè náà ti jẹ́ èdè ilé, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni tẹ́lẹ̀. Ní 1949 ni ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, Cré na Cille, jáde. Ní 1956 Trinity gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní 1969 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Írẹ́lándì níbẹ̀, ọdún kan kí ó tó kú.

Síbẹ̀, a kò lè sọ pé ìjà ti parí. Nínú ìkànìyàn 2022 ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Írẹ́lándì, nǹkan bí 1,870,000 ènìyàn sọ pé àwọn gbọ́ èdè náà. Àwọn tí ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ lẹ́yìn odi ilé-ẹ̀kọ́ kò ju nǹkan bí 72,000 lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ lè sọ ènìyàn di ẹni tí ó gbọ́ èdè. Ilé àti ọjà ni ó ń sọ ọ́ di ẹni tí ń lò ó. Nítorí náà, bí a bá ń ka iye ìwé tí a tẹ̀ àti iye ènìyàn tí ó gba ìwé-ẹ̀rí mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè bákan náà pé: lẹ́yìn kíláàsì, kí ni wọ́n rí kà, ta ni wọ́n sì ń kọ̀wé sí?