Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń fi eré maratọ́ọ̀nù sá: Àṣírí Kiptum àti Kipchoge, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, rèé!

Ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, ọdún 2023, ní ìlú Chicago nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin Kẹ́ńyà kan tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, Kelvin Kiptum, sá eré kìlómítà 42 àti mítà 195 ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 35. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀dá tó sá a kíá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje tí àjọ àgbáyé fọwọ́ sí. Ariwo ta, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ tinú-tòde eré ìje kò wo àròpọ̀ nìkan. Ìṣẹ́jú 60 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48 ni Kiptum fi sá ìdajì àkọ́kọ́. Ìdajì kejì gbà á ní ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 47. Ìgbà tó rẹ àwọn yòókù gan-an ni òun wá yára sí i.

Eliud Kipchoge, àgbà ọ̀jẹ̀ tó gba góòlù Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì nínú eré yìí, ló ni àmì-ẹ̀yẹ náà tẹ́lẹ̀. Ní Berlin lọ́dún 2022, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 51 ló fi sá ìdajì àkọ́kọ́, ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Ìdajì kejì gbà á ní ìṣẹ́jú 61 àti ìṣẹ́jú-àáyá 18. Òun náà ló gbégbá orókè, àmọ́ gbèsè tó jẹ níbẹ̀rẹ̀, ó san án kí ó tó dé òpin. Bí ti Kipchoge bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká wá sọ nípa akọ̀wé tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń ráyè múra?

Ohun tó fà á kò ṣòroó yé. Inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ni ara ń tọ́jú ṣúgà tó ń fi ṣiṣẹ́ agbára sí, kò sì pọ̀. Ti ọ̀pọ̀ asáréje a máa tán ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sí 35. Ọ̀rá pọ̀ lára jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í tètè jó bíi ṣúgà. Bí ènìyàn bá ṣe ń sáré kíkankíkan tó ni ṣúgà ń tán tó. Bó bá rọra, ọ̀rá a máa bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Ẹni tó bá tú jáde bí ọta ìbọn ní kìlómítà márùn-ún àkọ́kọ́, owó oúnjẹ oṣù kan ló ná tán lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ á wúwo, ojú á ṣú, eré á di ìrìn. Àwọn Òyìnbó ní ògiri lonítọ̀hún kọlù.

Ìdí nìyí tí eré gígùn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fi ṣe kókó nínú ìmúrasílẹ̀. Ní Kaptagat, níbi tí Patrick Sang ti kọ́ Kipchoge fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń sá a: kìlómítà 30 lọ́sẹ̀ kan, 40 lọ́sẹ̀ kejì, lójú ọ̀nà erùpẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀, ní ibi tó fi mítà tó lé ní 2,000 ga ju òkun lọ. Agbo kan ni wọ́n jọ ń sá. Kò sẹ́ni tó ń já síwájú láti fi hàn pé òun lágbára.

Èso rẹ̀ hàn ní Vienna, ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2019, nígbà tí Kipchoge parí eré náà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Asáréje 41 ló ń pààrọ̀ ara wọn láti ṣaájú rẹ̀, ọkọ̀ sì ń tan iná sílẹ̀ fún wọn láti tẹ̀ lé. Nítorí náà, wọn kò kà á mọ́ àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 50 ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan ń gbà á, bó yẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ.

Eré kúkúrú ni àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ń ṣògo. Falilat Ògúnkọ̀yà gba idẹ nínú eré mítà 400 ní Atlanta lọ́dún 1996. Tobi Amusan fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 fo igi mítà 100 ní Oregon lọ́dún 2022. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rò pé kí ènìyàn tú jáde ni eré. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2016 tí maratọ́ọ̀nù Èkó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ló ń kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú owó ńlá ibẹ̀ lọ. Ooru Èkó kò kúkú mojú ẹnìkan; bí oòrùn bá ti mú, ọkàn á máa lù kíkankíkan bí ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ yára sí i.

Ẹni tó ń múra, kí ó jáde kí ojúmọ́ tó mọ́, kí ó sì sá eré tó lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láìmí helehele. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu rẹ̀, eré ti pọ̀jù. Kìlómítà méjì àkọ́kọ́ ni kí ó ṣọ́ jù lọ, torí ibẹ̀ ni ara ti ń purọ́ fúnni. Bó bá dé orí òkè tàbí afárá, kí ìṣẹ́jú rẹ̀ lé sí i díẹ̀, kí mímí rẹ̀ má yí padà. Nígbà tó bá ku kìlómítà mẹ́ta, kí ó wá fi kún eré. Bí kò bá ṣeé ṣe, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni kí ó lọ tún ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ó má bú bàtà rẹ̀.

Rotterdam ni Kiptum ń múra fún ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó fẹ́ sá a kí wákàtí méjì tó pé. Ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì ọdún náà, jàǹbá ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà tó so Kaptagat pọ̀ mọ́ Eldoret, òun àti Gervais Hakizimana, ọmọ Rwanda tó ń kọ́ ọ ní eré. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni.