Àáró Ìwádìí Plásímà: Ìpín Ìlọrin àti Ojúṣe Ìjọba

Ipò mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé nǹkan máa ń wà: ó lè le bíi yìnyín, ó lè ṣàn bí omi, ó sì lè di oru. Ipò kẹrin ni plásímà, èyí tí í ṣe afẹ́fẹ́ tí ooru tàbí ìtànṣán ti já ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntín tí ń gbé iná, kúrò lára àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀, débi pé iná lè gba inú rẹ̀ kọjá, òòfà sì lè darí rẹ̀. Plásímà ni oòrùn. Òun náà ló sì wà nínú ayónósífíà, ìpele òfuurufú tó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 60 kìlómítà lókè ilẹ̀.

Ohun tó mú kí àwọn ìjọba máa náwó lé ìmọ̀ yìí ni ìrètí iná mànàmáná tí kì í rú èéfín. Nínú oòrùn, kókó átọ́ọ̀mù háídírójìn ń dà pọ̀ di híl​íọ́ọ̀mù, agbára ńlá sì ń ti inú ìdàpọ̀ náà jáde. Kí irú rẹ̀ tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ITER, ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ́ ní Cadarache nílẹ̀ Faransé, plásímà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó 150 mílíọ̀nù ìwọ̀n Celsius, ìlọ́po mẹ́wàá ooru àárín oòrùn. Ẹrù yìí kò ṣeé dá gbé, nítorí náà ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Ṣáínà, Rọ́ṣíà, Jàpáànù, Íńdíà àti Kòríà Gúúsù ṣe tọwọ́ bọ àdéhùn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006. Ìlànà wọn jọ àáró àwọn àgbẹ̀: Yúróòpù ń gbé nǹkan bí ìdá 45 nínú 100, àwọn mẹ́fà yòókù ń gbé bí ìdá 9 ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín náà kì í sì í ṣe owó bí kò ṣe àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tí oníkálukú rọ nílé rẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan nínú àwọn méje wọ̀nyí.

Síbẹ̀, ìmọ̀ plásímà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láti ẹ̀wádún 1950 ni wọ́n ti ń wọn ayónósífíà ní Ìbàdàn, Yunifásítì Ìlọrin, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ ti Ìbàdàn, sì ń bá iṣẹ́ náà lọ. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ kan wà tí ń ju ìgbì rédíò sókè, tí ń dúró de gbohùngbohùn rẹ̀, kí ó lè mọ bí plásímà ṣe ga tó àti bí ó ṣe ki tó; ẹ̀rọ tí ń wọn òòfà ayé náà wà níbẹ̀, lára àwọn tí Yunifásítì Kyushu ti Jàpáànù pín káàkiri ayé. Ìlọrin yẹ fún iṣẹ́ yìí nítorí pé ó súnmọ́ ìlà agbedeméjì òòfà ayé, níbi tí abẹ́rẹ́ òòfà ti máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja láìtẹ̀ sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ìsàlẹ̀ ayónósífíà a tètè fẹ́lẹ́, nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì ki. Bí omi tí a dà lé epo lórí ṣe máa ń wọlẹ̀ tí epo sì ń yọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni apá tó fẹ́lẹ́ ṣe ń ru gùdù sókè, tí ó sì ń da àmì sátẹ́láìtì rú, débi pé GPS inú fóònù ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin tàbí ti ọkọ̀ òfuurufú lè ṣìnà. Irú ìrugùdù kan náà ló ń yọ àwọn tí ń fi iná lésà fún háídírójìn pọ̀ lẹ́nu ní ibùdó ìwádìí Lawrence Livermore ní Califọ́níà, níbi tí ìdàpọ̀ ti kọ́kọ́ mú mẹgajúùlù 3.15 jáde láti inú 2.05 tí lésà gbé wọlé, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀run Ìlọrin dunjú ní ohun tí yóò sọ láàárín wọn.

Owó fún irú iṣẹ́ yìí kò ṣàì sí rárá, nítorí pé òfin Nàìjíríà ti ọdún 2011 ló dá àjọ TETFund sílẹ̀, orí èrè àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n sì ti ń gba owó orí tí àjọ náà ń pín fún ẹ̀kọ́ gíga àti ìwádìí. Ohun tó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí Ìlọrin wà, ṣe ni kí wọ́n ya ìpín tí kì í yẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ plásímà: iná tí kò gbọdọ̀ kú, ẹ̀yà ẹ̀rọ, àti owó ìgbọ́bùkátà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ tí iná kú mọ́ lórí ní ìrọ̀lẹ́ kò lè rí ohun tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá wọn kọ ebè lóko àáró kò lè retí pé kí wọ́n wá bá òun kọ tirẹ̀.