Kí ló dé tí séríì Kòríà fi ń dà bí ọ̀rọ̀ ilé wa?



Àwọn òbí máa ń bi àwa olùkọ́ ní ìbéèrè kan. Wọ́n á ní: "Tíṣà, kí ni àwọn ọmọ yìí ń wò lórí pọ́tábù títí di ọ̀gànjọ́ òru? Orúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò ṣeé pè, ẹkún ni ṣáá. Kí ló kàn wá níbẹ̀?" Ó kàn wá o. Èmi náà wà lára àwọn tó ń wò ó, n kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí séríì Kòríà fi ń mú wa lọ́kàn, kí n sì sọ ohun tí ọ̀kan nínú wọn lè kọ́ wa nípa èdè tiwa.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Séríì yìí, tí àwọn ọmọ ń pè ní "drama", kì í gùn bíi télénófẹ́là Brésíl tàbí ti Mẹ́síkò tí a ti mọ̀ tipẹ́. Télénófẹ́là lè lé ní ọgọ́rùn-ún apá. Ti Kòríà, apá 16 ló sábà máa ń ní, apá kan á sì tó wákàtí kan tàbí kó lé díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òǹkọ̀wé kan náà ló ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà, ìtàn rẹ̀ kì í ṣáko lọ. Ohun tí wọ́n bá fi hàn yín ní apá kejì, ẹ máa bá a pàdé ní apá kẹrìnlá, ẹ ó wá sọ pé, "Háà, ìdí rẹ̀ nìyẹn!"

Ọ̀wọ̀ ẹnu wọn

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Àwa ní "ẹ", a ní "o". Ní Kòríà, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń yí padà bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bá jù wọ́n lọ. Ọmọdé tó bá gbàgbé, wọ́n á bá a wí lójú ẹsẹ̀. Àwa ń pe ẹni tó jù wá ní ẹ̀gbọ́n, ó tán. Àwọn pín in sí mẹ́rin: obìnrin ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní "oppa", ó ń pe ti obìnrin ní "unnie". Ọkùnrin ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní "hyung", ó ń pe ti obìnrin ní "noona". Kì í ṣe ọmọ ìyá nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bí àwa náà ṣe ń pe ará àdúgbò ní ẹ̀gbọ́n.

Obìnrin tó bá ti bímọ ńkọ́? Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, ìyá Lágbájá, gẹ́lẹ́ bíi tiwa. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, ọmọ á kúnlẹ̀, á forí balẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, àwọn náà á gbàdúrà fún un, wọ́n á fún un lówó. Ta ló ní kí a lọ kọ́ Ṣábẹ ní èyí?

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wò ó pẹ̀lú ohùn Faransé tí wọ́n fi bò ó, púpọ̀ nínú adùn yìí á lọ. "Oppa" á di orúkọ lásán. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ohùn Kòríà sílẹ̀, kí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ Faransé nísàlẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ibi tí ọ̀wọ̀ wà, ẹ ó sì gbọ́ ibi tó ti já.

Ààlà tó gba àárín ilé kan

Crash Landing on You bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ó parí ní oṣù Kejì ọdún 2020. Yoon Se-ri, ọmọ olówó ní Gúúsù Kòríà, ń fi agboòrùn ńlá fò lójú òfuurufú. Ìjì dé, ó gbé e kọjá ààlà, ó jù ú sórí igi ní Àríwá Kòríà. Ọ̀gá sójà kan, Ri Jeong-hyeok, ló rí i, ló sì fi í pa mọ́ sí ilé rẹ̀ lábúlé. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Hyun Bin àti Son Ye-jin tó ṣe eré náà tiẹ̀ fẹ́ ara wọn lóòótọ́ ní ọdún 2022.

Ohun tó dùn jù fún mi níbẹ̀ ni abúlé yẹn. Iná ń lọ lójijì, àwọn obìnrin ń jọ ṣe oúnjẹ pamọ́ de ìgbà òtútù, aládùúgbò ń yọjú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ẹlòmíì. Ọdún 1945 ni wọ́n pín Kòríà sí méjì. Ogun jà láti 1950 sí 1953, ìbọn dákẹ́, ṣùgbọ́n títí dòní wọn kò tíì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò wà tí wọn kò fojú kan ara wọn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, a dúpẹ́. Síbẹ̀, ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààlà láìbi wá, àwọn èèyàn kan náà sì wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ta ni kò mọ ẹni tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́, tàbí tí kò lè lọ sí òkú èèyàn rẹ̀? Inú oṣù wọ̀nyẹn gan-an ni séríì yìí jáde. Ẹni tó ń wò ó níbí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ààlà fún un.

Gbèsè

Squid Game ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Ó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Àwọn èèyàn 456 tí gbèsè ti dé ọrùn wọn gbà láti ṣe eré ọmọdé nítorí owó. Ẹni tó bá kùnà, wọ́n á pa á. Gi-hun, ẹni tí ìtàn náà dá lé, ń fi owó ta tẹ́tẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń tajà pẹ̀lú àìsàn ìtọ̀ ṣúgà lára. Ali wà níbẹ̀, àjèjì láti Pakísítánì, tí ọ̀gá rẹ̀ kò sanwó iṣẹ́ fún. Àwọn tí ọmọ wọn wà ní ìdálẹ̀ mọ irú ìyẹn.

Hwang Dong-hyuk tó kọ ọ́ gbé ìtàn náà kiri fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n ń kọ̀ ọ́ fún un. Ní 2022, Lee Jung-jae tó ṣe Gi-hun gba ẹ̀bùn Emmy ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí òṣèré tó dára jù. Kò sí ẹni tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀ fún eré tí kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí àwa ará Bẹ̀nẹ̀ rántí ICC Services ní 2010, bí àwọn èèyàn ṣe kó owó oko àti owó ọjà lọ síbẹ̀ nítorí èlé ńlá, tí owó náà sì wọlẹ̀. Ìdẹkùn tó wà nínú séríì yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń wò. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìyá, ọmọ, àti òkun

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti oṣù Kẹta ọdún 2025, tí orúkọ rẹ̀ ní Faransé ń jẹ́ Si la vie te donne des mandarines. Apá 16 ni. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń gbé e jáde lọ́sẹ̀, wọ́n sì fi ìgbà mẹ́rin ọdún pín in, láti ìgbà ìrúwé dé ìgbà òtútù. Lim Sang-choon ló kọ ọ́, Kim Won-seok ló darí rẹ̀. IU àti Park Bo-gum ló ṣe Ae-sun àti Gwan-sik nígbà èwe wọn.

Erékùṣù Jeju ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ Kòríà, níbi tí ọsàn mandarínì pọ̀ sí. Ìyá Ae-sun jẹ́ "haenyeo", ìyẹn obìnrin òkun. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń rì sísàlẹ̀ òkun láìgbé afẹ́fẹ́ kankan dání. Wọ́n á sé èémí, wọ́n á wá ìgbín òkun, wọ́n á jáde pẹ̀lú ìró kan bí ẹni ń súfèé. Ó ku ìyá yìí pẹ̀lú iṣẹ́ náà ní ọmọ ọdún 29, ó fi ọmọ ọdún mẹ́wàá sílẹ̀. Ṣáájú ikú rẹ̀, ọmọ náà ti kọ ewì nílé ẹ̀kọ́ nípa ìgbín òkun tó gba ìyá òun mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí ibi tí ìyá ti ka ewì yẹn tí kò sunkún, kí ó wá bá mi.

Ae-sun ní làákàyè. Ní kíláàsì, ìbò rẹ̀ ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n tíṣà mú ọmọ olówó ṣe ọ̀gá. Àwa olùkọ́, ẹ jẹ́ ká wo ibẹ̀ dáadáa. Kò rí yunifásítì lọ. Ó fẹ́ Gwan-sik, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nílé ọkọ, tábìlì ọkùnrin yàtọ̀, ti obìnrin yàtọ̀. Lọ́jọ́ kan Gwan-sik yí ìjókòó rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí àwọn ọkùnrin, ó bá ìyàwó rẹ̀ jẹun. Kò pariwo. Nígbà tí ìyá ọkọ sì fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn di obìnrin òkun, Ae-sun ní rárá. Wọ́n ta ilé wọn kí ọmọ náà lè lọ kàwé ní Jàpáànì. Mélòó ni ilé tó ta ilẹ̀ tàbí màlúù níbí kí ọmọ lè lọ sí Parakou tàbí Calavi? N kò ní sọ ìparí fún yín.

Àkọlé tí wọn kò lè túmọ̀

Orúkọ tí séríì náà ń jẹ́ ní Kòríà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọsàn rárá. Pokssak sogatsuda ni, èdè Jeju ni, kì í ṣe ti Seoul. Bí ará Seoul bá gbọ́ ọ, ó lè rò pé wọ́n ń sọ pé "wọ́n ti tàn ọ́ jẹ pátápátá." Ìtumọ̀ rẹ̀ ní Jeju ni pé ẹ ti ṣiṣẹ́ gan-an, a rí làálàá yín, a dúpẹ́. Àwọn tó gbé e lọ sí èdè mìíràn kò rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu, ni wọ́n bá fún un ní orúkọ tuntun.

Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní iṣẹ́: ẹ túmọ̀ àkọlé yìí. Ní Faransé, gbólóhùn mẹ́ta ni wọ́n kọ, kò sì tíì dùn. Ní èdè ilé, ẹnì kan ní ẹ̀yìn kíláàsì dáhùn: "Ẹ kú iṣẹ́ ni." Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. A ní i, Faransé kò ní i. Ìdí nìyẹn tí Faransé tiwa níbí fi ní "bonne arrivée" fún ẹ káàbọ̀, àti "doucement" fún pẹ̀lẹ́: èdè ilé ló ń wá ọ̀nà jáde.

Èdè Jeju yìí ń kú lọ. Ní 2010, UNESCO kà á mọ́ àwọn èdè tó wà nínú ewu tó le jù lọ, nítorí pé àwọn arúgbó ló kù tó ń sọ ọ́ dáadáa. Nílé ẹ̀kọ́, èdè Seoul ni. Òbí ń ti ọmọ sí èdè ìjọba kó lè ríṣẹ́. Àwa náà mọ̀ ọ́n: àwọn bàbá wa rántí signal, ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn nílé ẹ̀kọ́ bó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, èdè kékeré yìí ni wọ́n fi sójú séríì tí gbogbo ayé wò, wọn kò sì tijú. UNESCO náà ló kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin òkun Jeju sínú ìwé ogún ọmọ aráyé ní 2016. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa, tí a fi ń yin àwọn ìyá, ti wà nínú ìwé kan náà láti 2008.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ tó mọ "annyeong" àti "oppa" wà níbí, tó jẹ́ pé "bonsoir" ló ń kí ìyá àgbà rẹ̀, ní ìnàró. Ẹ má torí èyí gba pọ́tábù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ní kó fi èdè Ṣábẹ ròyìn apá tó wò lánàá fún gbogbo ilé, bí a ṣe ń pàlọ́. Yóò kọsẹ̀, ẹ bá a wá ọ̀rọ̀. Báwo ni a ó ṣe pe obìnrin òkun? Báwo ni a ó ṣe pe ààlà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá? Ìyá àgbà lè ní ọ̀rọ̀ tí èmi olùkọ́ kò ní. Bí forfait bá wọ́n, kí ẹnì kan tó rí wifi nílùú gbé apá méjì sórí pọ́tábù wá sílé, kí gbogbo ilé jọ wò ó.

Ẹ̀yin ìyá tó jí lónìí kí àkùkọ tó kọ, tí ẹ ti oko bọ̀ tí ẹ ń dáná, Pokssak sogatsuda. Ẹ kú iṣẹ́ o.