Ṣé o mọ̀? Páswọ́ọ̀dù ráútà rẹ lè ti wà lọ́wọ́ àjèjì

Inú ráútà ni gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà ilé tàbí ọ́fíìsì ń gbà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló sábà máa ń fi páswọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ sí i. Kì í ṣe ti Wi-Fi là ń sọ o. Èyí tí wọ́n fi ń ṣàkóso ráútà fúnra rẹ̀ ni.

Lọ́dún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Mirai fi irú páswọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọṣẹ́. Kò já àgádágodo kankan. Nǹkan bí 60 orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí gbogbo ayé mọ̀, irú bíi "admin" àti "12345", ló ń dán wò lára ráútà àti kámẹ́rà aṣọ́lé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ tó ti wọ̀ bẹ́ẹ̀ ya bo Dyn, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń darí èèyàn sí àwọn ìkànnì, Twitter àti Netflix sì di àwátì fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Inú mẹ́mórì nìkan ni Mirai ń gbé. Béèyàn bá pa ẹ̀rọ náà tó sì tún un tàn, ó ti lọ nìyẹn. Àmọ́ bí páswọ́ọ̀dù àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń padà wọlé.

Láti oṣù Kẹrin 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí wọ́n fi páswọ́ọ̀dù kan náà sórí gbogbo ráútà tí wọ́n ń tà mọ́.