Ìyá Rẹ̀ Ńkọ́?

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí ẹ bá ti mú ọmọ kékeré lọ wo eégún rí, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀rù àti ayọ̀ a máa jọ rìn. Ọmọ a sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, síbẹ̀ a tún máa yọjú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, nígbà tí mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún márùn-ún, lọ wo Amal ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù.

Amal kì í ṣe ènìyàn. Ọmọláńgidi ni, gíga rẹ̀ sì tó mítà 3.5. Àwọn oníṣọ̀nà Handspring Puppet Company ti ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni ó ṣe é. Ó dúró fún ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan láti ilẹ̀ Síríà, tí ogun lé kúrò nílé, tí ó sì ń wá ìyá rẹ̀ kiri. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ni Ìrètí. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún náà ni ó gbéra ní ìlú Gaziantep ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ni ó parí ìrìn rẹ̀ ní Manchester. Ìrìn náà tó kìlómítà 8,000.

Nígbà tí orí rẹ̀ yọ lókè èrò, ọmọ mi dì mọ́ kóòtù mi. N kò fà á síwájú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì fi hàn án pé ẹnì kan wà nínú Amal, tí ó gun ẹsẹ̀ igi bí àwọn alágéré wa, tí ó sì ń fi okùn darí ojú rẹ̀. Àwọn méjì mìíràn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo sọ fún un pé pankẹ́rẹ́ wà lára ohun tí a fi mọ orí àti apá rẹ̀.

"Ṣé pankẹ́rẹ́ tí wọ́n fi na Màmá Àgbà nílé ẹ̀kọ́ ni?"

Ẹ̀rín pa wá. Awo ni ti eégún, ṣùgbọ́n gbangba ni ti èyí. Ẹ̀rù rẹ̀ rọlẹ̀. Ìbéèrè kejì ni ó mú mi dákẹ́:

"Màmá, ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Irọ́ ti dé ẹnu mi pé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà. Mo gbé e mì. "Ó ń wá a ni."

"Ṣé yóò rí i?"

"N kò mọ̀, ọmọ mi. Ìdí nìyí tí a fi jáde wá kí i, kí ó má baà dá rìn."

Ó ronú díẹ̀, ó fi kóòtù mi sílẹ̀, ó sì na ọwọ́. Amal tẹ̀ ba, ó na ọwọ́ ńlá tirẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ìyá, bí irú ìran báyìí bá dé àdúgbò yín, ẹ tètè dé, kí ẹ sì dúró níbi tí ọmọ ti lè rí àyè padà sẹ́yìn. Ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù yín sínú àpò rẹ̀, nítorí inú èrò ni ọmọ ti ń sọnù. Ẹ má ṣe fi ọmọláńgidi náà dẹ́rù bà á kí ó lè gbọ́ràn. Bí ó bá sì béèrè ọ̀rọ̀ tí ó wúwo, ẹ sọ òtítọ́ fún un, níwọ̀n tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè gbé.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí ó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Àwọn ọmọ wà láyé lónìí tí wọ́n ń ṣípá, tí ìyá kò sí nítòsí. Ní ọ̀nà ilé, ọmọ mi ṣípá. Ó ti wúwo ju ẹni tí à ń gbé lọ, ṣùgbọ́n mo gbé e délé.