Ọjọ́ ọjà ń jẹ ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́

Ní ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, kì í ya olùkọ́ lẹ́nu mọ́ bí àwọn ọmọ kan kò bá wá ní ọjọ́ ọjà. Ọ̀kan ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù, èkejì ń pọn àbúrò rẹ̀ kí ìyá lè ráyè tajà. Kò sí òbí kan nínú wọn tí yóò gbà pé òun mú ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ kan péré ni, ọ̀la yóò tún lọ. Òtítọ́ ni, ọ̀la yóò lọ. Ṣùgbọ́n ọjà yóò tún pé.

Ọjà Àjàrá, nítòsí Àjàṣẹ́, jẹ́ ọjà ọrún, bí ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá ti rí. Bí wọ́n bá ná irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú àti Ọjọ́bọ̀, kí ó tó padà sí ọjọ́ Ajé. Èyí jẹ́ ọjà 7 láàárín ọ̀sẹ̀ 4. Méjì bọ́ sí Àbámẹ́ta àti Àìkú, tí kò sí ẹ̀kọ́. Márùn-ún tí ó kù bọ́ sí ọjọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ 4 ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ 20. Nítorí náà, ọmọ tí kì í lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ọjà ń pàdánù ọjọ́ 5 nínú 20, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún 6, láti CI títí dé CM2, ẹ̀kọ́ ọdún kan àti ààbọ̀ ni ó fi sílẹ̀ ní ọjà.

Mélòó ni ó yẹ kí á kà sí púpọ̀? Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ tí ó bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń pè ní ẹni tí àìwá ti di bárakú fún, ohun yòówù kí ó fà á. Ìyẹn kò ju ọjọ́ 2 lọ nínú ọ̀sẹ̀ 4.

Ní Kétu àti ní Sábẹ̀ẹ́, ohun mìíràn tún wà tí ó mú kí àìwá burú sí i: èdè. Faransé ni olùkọ́ fi ń kọ́ni. Ní ilé, ní ọjà àti ní oko, Yorùbá ni ọmọ ń gbọ́. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pàdánù ìṣirò ọjọ́ kan, ó pàdánù ìṣirò náà, ó sì tún pàdánù èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ọmọ CI ni ìyà yìí ń jẹ jù. Ó padà dé, olùkọ́ ti lọ síwájú. Ó jókòó, kò béèrè ohunkóhun, nítorí kò mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè. Bí ó bá wá tún kíláàsì kan náà ṣe, yóò di àgbà láàárín àwọn ọmọ kékeré, ojú yóò sì máa tì í. Ọmọ kì í sábà fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń lọ.

Ọjà nìkan kọ́ ni ó ń fà á. Ní agbègbè Sábẹ̀ẹ́, láti nǹkan bí oṣù kejì dé oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣa kajú, ní àkókò tí ọmọ CM2 ń múra ìdánwò CEP. Ibà ń dá àwọn mìíràn dúró sí ilé. Ọmọbìnrin tí ó ti ń ṣe nǹkan oṣù lè má fẹ́ wá bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò bá ní ilẹ̀kùn tàbí omi. Bàbá rẹ̀ lè má mọ̀ rárá, nítorí ọmọ náà kò ní sọ fún un.

Ebi náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti mú owó ilé ẹ̀kọ́ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò yó ọmọ. Ọdún 2017 ni ìjọba gbé ètò oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ lé àjọ PAM lọ́wọ́. Níbi tí ìkòkò bá ti wà lórí iná, òórùn ọbẹ̀ a máa pe ọmọ ju agogo lọ.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan sì ń dá kún ọ̀ràn náà. Ọmọ pẹ́ dé, tàbí kò ní kàyé, wọ́n lé e padà sí ilé. Ọmọ tí kò wá lánàá ni wọ́n wá fi àìwá jẹ níyà lónìí! Ó sàn kí olùkọ́ bá a wí, kí ó sì jẹ́ kí ó jókòó kọ́ ẹ̀kọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó lè dín àìwá kù ni kí á kà á. Olùkọ́ ń pe orúkọ ní àràárọ̀, ó sì ń fi àmì sí ìwé. Àmì wọ̀nyí kò wúlò bí ẹnikẹ́ni kò bá rò wọ́n pọ̀ ní òpin oṣù. Òbí tí ó ti kọ́ láti kàwé ní kíláàsì àgbà lè béèrè láti wo ìlà tí orúkọ ọmọ rẹ̀ wà. Kò nílò Faransé láti ka iye àmì. Ẹgbẹ́ òbí, tí à ń pè ní APE, náà lè béèrè ní oṣooṣù lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ti pàdánù ọjọ́ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹni méjì lọ kí àwọn òbí wọn ní ilé, kì í ṣe láti bá wọn jà, bí kò ṣe láti mọ ohun tí ó fà á.

Ìdí kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń lọ sí ọjà kan náà lè bẹ ìyá àgbà kan kí ó máa tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́, kí wọ́n sì dá owó fún un. Èyí tí ó dàgbà lè bá ìyá rẹ̀ ní ọjà lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ní ti kajú, olè ni àwọn àgbẹ̀ ń bẹ̀rù. Kóró kajú kì í bàjẹ́ ní ọjọ́ kan. Àwọn tí oko wọn jọ pààlà lè máa ṣọ́ ọ ní àṣegbà, kí àwọn ọmọ sì wá ṣa á ní Àbámẹ́ta.

Ní ilé, kàlẹ́ńdà kan lára ògiri ti tó. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa fi àmì sí ọjọ́ tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí àmì bá ti di méjì kí oṣù tó dé ìdajì, kí bàbá, ìyá àti ìyá àgbà jókòó ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjà tí ó kàn, kí wọ́n pinnu ẹni tí yóò pọn ọmọ kékeré.